Ọ̀nà Tí Jẹ́jẹ́ Ń Gbà Jáde

Kí ẹni tí kò bá tíì rí Jẹ́jẹ́ rí má ṣe jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tan òun jẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wálé, inú páálí bàtà ló wà, ó ń sùn, ó ń mí fúù fúù bí ọmọ ìkókó. Ìyá Wẹ́dà bojú wo inú páálí, ó ní ọmọ yìí mà ṣe jẹ́jẹ́ o, orúkọ sì dé nìyẹn. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, páálí firíìjì gan-an kò gbà á mọ́. Bó bá nàró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé èjìká àgbàlagbà, á wá máa wo onítọ̀hún lójú bíi bàbá ìyàwó tó ń yẹ àna wò. Orúkọ kò kúkú yí padà. "Jẹ́jẹ́ ti já" ni àwọn ará àdúgbò máa ń sọ, kí wọ́n sì tó sọ ọ́ tán, olúkúlùkù á ti gbé ọmọ mọ́ra, á ti fa ajá rẹ̀ wọlé.

Wẹ́dà ló ni ajá náà. Iṣẹ́ jórinjórin ló ń ṣe, kò sì sí ẹni tó ń pè é ní nǹkan míì ju Wẹ́dà lọ, àfi ìyá rẹ̀ tó máa ń pè é ní "ìwọ yìí". Ilé mẹ́tàlélógún ló wà ní òpópónà wọn, gbogbo géètì mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún ló sì ti ọwọ́ Wẹ́dà jáde. Bó ṣe ń ṣe wọ́n ló sọ ọ́ di olókìkí. Tó bá ń gbé géètì kọ́, ó máa ń jẹ́ kí híńjì òkè yẹ̀ díẹ̀ sí ti ìsàlẹ̀, tó fi jẹ́ pé béèyàn bá ti fi géètì sílẹ̀, fúnra rẹ̀ ni yóò rọra padà, ahọ́n irin kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì bọ́ sójú àyè rẹ̀, gbàm. Ẹni tó bá wà níta á ki ọwọ́ bọ ihò kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, á gbé ahọ́n náà sókè, á tì í, á wọlé. Géètì á tún ti ara rẹ̀ padà.

Ahọ́n yìí ni Wẹ́dà fi ń yangàn, ó gbà pé ọwọ́ ẹni tó mọ ibi tó wà nìkan ló lè rí i ṣí. Oṣooṣù ló ń káàkiri òpópónà pẹ̀lú agolo gíríìsì, tí ó ń pa á sí ahọ́n géètì kọ̀ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́ kí ó má baà dípẹtà. "Géètì tó bá ń wá àgádágodo lọ́sàn-án gangan," a máa sọ fáwọn oníbàárà, "ẹni tó ṣe é ni kẹ́ ẹ lọ fi àgádágodo tì mọ́lé."

Ẹ wá wo ohun tí ojú rẹ̀ rí. Láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bá Jẹ́jẹ́ nínú ọgbà ọlọ́gbà, tó ń na ajá onílé bí ẹni na aṣọ òfì. Ìjà náà kọ́ ló ya àwọn èèyàn lẹ́nu o. Ohun tí kò yé ẹnikẹ́ni ni pé géètì ilé tí ìjà ti ṣẹlẹ̀ wà ní títì, géètì ilé Wẹ́dà náà wà ní títì, ajá sì wà níbi tí kò yẹ kó wà. Wọ́n rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn, wọ́n fẹnu kò pé ògiri ló ń fò.

Wẹ́dà gbà bẹ́ẹ̀. Onírin ni, ọ̀ràn tí irin kò lè yanjú kò tíì ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀ rí. Ó to ọ̀pá irin ẹlẹ́nu ṣóṣóró sórí ògiri ilé rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Jẹ́jẹ́ wà lọ́gbà oníbàtà tó wà ní òpópónà wọn, ó ti kó ajá oníbàtà sábẹ́ tábìlì. Wẹ́dà to ìlà kejì lé ti àkọ́kọ́. Ilé wá dà bí ọgbà ẹ̀wọ̀n, débi pé ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ bi ìyá Wẹ́dà pé ọdún mélòó ló kù fún un. Jẹ́jẹ́ tún jáde.

Ó gbìyànjú ṣéènì. Jẹ́jẹ́ gbó láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méjì láìgbé ẹnu sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní òdìkejì títì, tó jẹ́ pé iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe nílé ìwòsàn, tó sì jẹ́ pé ọ̀sán ló fi ń sùn, wọ aṣọ oorun jáde sójú títì. Ó ní kí Wẹ́dà mú ọ̀kan nínú méjì: kó tú ajá sílẹ̀, tàbí kó wá máa bá òun gún àwọn aláìsàn lábẹ́rẹ́ lálẹ́. Kí Wẹ́dà tó rí èsì fọ̀, Jẹ́jẹ́ ti fa èèkàn irin náà tu nílẹ̀, ó ń wọ́ ọ kọjá níwájú àwọn méjèèjì, ṣéènì ń dún wọnran wọnran lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣéènì ṣe parí nìyẹn.

Alága àwọn onílé ni Tíṣà, obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, àmọ́ tí ilé-ìwé kò tíì fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Ajá tirẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ fàya létí. Ó kọ lẹ́tà sí Wẹ́dà, ó fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn: bí Jẹ́jẹ́ bá tún jà lẹ́ẹ̀kan péré, yóò kúrò ní òpópónà yìí, ẹnìkan tó ní oko ńlá lọ́nà jíjìn yóò wá mú un lọ.

Ká ní Wẹ́dà nìkan ló ń gbé ilé yẹn ni, bóyá ìbá ti gbà. Ìyá rẹ̀ ni kò jẹ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, màmá kì í jáde nínú yàrá mọ́. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ lọ bá a, bí wọ́n ṣe gbé e lọ náà ni wọ́n ń gbé e padà. Ọdún kan ààbọ̀ gbáko. Ajá inú páálí yìí ló gbé e dìde. Ní báyìí, kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere, màmá á ti wà lágbàlá pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, á máa bá Jẹ́jẹ́ rìn yí ilé po, á máa pè é ní "ọkọ mi", á máa ro ẹjọ́ gbogbo ẹbí fún un, kò sì ní yọ ti Wẹ́dà sílẹ̀.

Nígbà tí lẹ́tà dé, màmá kà á, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi sábẹ́ ife. Wẹ́dà ń retí kó pariwo. Kò pariwo.

"Bí wọ́n bá mú un lọ, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà," ló wí. "Màá kàn padà sínú yàrá mi ni."



Ìyàwó Wẹ́dà ló kọ́kọ́ rí ohun tí gbogbo ọlọ́gbọ́n òpópónà kò rí. Aránṣọ ni, ojú rẹ̀ ti mọ́ àbààwọ́n wíwá. Ó ń wẹ Jẹ́jẹ́ lọ́jọ́ Túsìdeè, ó bi ọkọ rẹ̀ pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé gbogbo ọjọ́ tí ajá yìí bá já, gíríìsì máa ń wà lórí imú rẹ̀. Wẹ́dà ní àbí kò mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù onírin ni ajá ti dàgbà ni, gíríìsì kò jìnnà síbẹ̀. Ìyàwó ní gíríìsì ṣọ́ọ̀bù, ikùn ló yẹ kó wà, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ajá kì í fi imú sùn. Ó ní òun ò sì tíì rí ẹni tó ń fi imú fo ògiri. Ó da omi nù, ó padà sídìí máṣíìnì rẹ̀, ó fi ìbéèrè náà sílẹ̀ fún Wẹ́dà bí ẹni fi ẹ̀gún sílẹ̀ sínú bàtà.

Ó gún un lọ́jọ́ náà, ó gún un ní Wẹ́sìdeè. Nígbà tó di Tọ́sìdeè, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó múra bí ẹni ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní aago kan ọ̀sán, ó dágbére fún ajá ketekete, ó tilẹ̀ juwọ́ sí i. Ó wá yí gba ẹ̀yìn, ó gun àkàbà lọ sókè ilé kan tí wọn kò tíì kọ́ tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, ó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, ó yọjú lójú fèrèsé tí kò tíì ní fèrèsé.

Oòrùn lù ú. Èèrà rìn wọ inú ṣòkòtò rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ń sùn ní tirẹ̀, ó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjì lù, màmá wọlé lọ sinmi, ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ sì pa dé. Jẹ́jẹ́ la ojú kan. Ó dìde. Ó na iwájú, ó na ẹ̀yìn, ó gbọn ara rẹ̀ nù bí òṣìṣẹ́ tó fẹ́ wọṣẹ́, ó gba ìdí géètì lọ tààrà. Kò wo ògiri rárá. Ó ki imú bọ abẹ́ ahọ́n irin, ó gbé e sókè, ó fi èékánná há irin géètì, ó fà á mọ́ra, ó fi èjìká yọ jáde. Géètì rọra padà lẹ́yìn rẹ̀. Gbàm.

Wẹ́dà la ẹnu, kò rántí pa á dé. Ẹ má bínú sí i, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn kì í ṣe ìbẹ̀rù, ìdùnnú ni. Ó mọ iṣẹ́ yẹn. Iṣẹ́ òun fúnra rẹ̀ ni. Bó bá ṣe géètì tán ní ṣọ́ọ̀bù, ó máa ń dán an wò lẹ́ẹ̀mẹwàá; nítorí pé irinṣẹ́ máa ń kún ọwọ́ rẹ̀, ìgúnpá ló fi ń gbé ahọ́n náà sókè, á wá fi orúnkún fà á. Odidi ọdún méjì ni Jẹ́jẹ́ fi dùbúlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tó ń wò ó. Ìgúnpá ajá kò ṣeé lò fún nǹkan gidi, ó bá fi imú dípò.

Inú Wẹ́dà kò tíì dùn tán nígbà tí Jẹ́jẹ́ sọdá títì. Ó kọjá ilé méjì tí kò ní ajá láìwo ọ̀dọ̀ wọn. Ó dé ilé Nọ́ọ̀sì, ó ki gbogbo imú bọ ihò tí ọwọ́ ń gbà, ó gbé ahọ́n, ó fi orí ti géètì, ó wọlé. Gbàm. Ariwo ìjà sọ.

Àkàbà yẹn ní ipele méjìlá, mẹ́rin péré ni Wẹ́dà lò. Ó fò wọ ọgbà Nọ́ọ̀sì. Jẹ́jẹ́ ti gbé ajá Nọ́ọ̀sì aláwọ̀ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, etí wà lẹ́nu, eruku ń sọ. Wẹ́dà rántí ohun tí dókítà ẹranko kọ́ ọ, pé bí ajá méjì bá wọ ara wọn, kéèyàn má ṣe na ọwọ́ sọ́dọ̀ orí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni kó gbá mú, kó gbé e sókè, kó máa fà sẹ́yìn bí ẹni fa bárò. Ó gbá ẹsẹ̀ Jẹ́jẹ́ méjèèjì mú, ó gbé e, ó fà á. Jẹ́jẹ́ tu etí sílẹ̀, ìyàlẹ́nu ló bá a. Ajá Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ó wọ abẹ́ mọ́tò lọ.

Ibi tí Wẹ́dà dúró sí rèé, láàárín ọgbà ọlọ́gbà, tó gbé ajá bíi bárò, nígbà tí Nọ́ọ̀sì ṣí fèrèsé. Ó fi ojú oorun wò wọ́n. Ó wo géètì, ó wà ní títì. Ó wo Wẹ́dà.

"Ọ̀gá Wẹ́dà," ló wí, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè, "ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń tì í wá?"

Wẹ́dà fẹ́ dáhùn. Ó fẹ́ sọ pé ajá ló ṣí géètì. Ojú rẹ̀ bá géètì pàdé: iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ ń dán, gíríìsì tí òun fúnra rẹ̀ pa sí i níjẹta ṣì tutù lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, èyí tí kò dáa rárá ló jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ sùn."

Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ìtàn ti délé dóko, ó sì tẹ́ gbogbo èèyàn lọ́rùn, nítorí pé ó tú gbogbo àdììtú palẹ̀. Ajá kò fo ògiri, Wẹ́dà ló ń gbé e wọlé onílé. Oníbàtà ní òun ti fura tipẹ́, pé apá tó nípọn tó ti Wẹ́dà, kí ló tún wà fún? Ẹnìkan ní ọ̀pá ṣóṣóró orí ògiri rẹ̀ yẹn, ibẹ̀ ló ti ń fi gbígbé kọ́ra. Tíṣà pe ìpàdé fún ọ̀sán Sátidé, aago mẹ́rin.

Wàyí o, ẹ bá Wẹ́dà rò ó. Bó bá dákẹ́, Jẹ́jẹ́ á lọ, màmá á padà sínú yàrá, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá yóò tún jáde. Bó bá sọ òtítọ́, ohun tó ń sọ ni pé ọdún mọ́kànlá ni òun fi ta géètì tí imú ajá lè ṣí fún gbogbo òpópónà. Ilé-ìwé tuntun kan sì ti ní kó wá ṣe géètì mẹ́jọ fáwọn, ọjọ́ Mọ́ńdè ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Fúráìdeè, ó lọ jókòó ti màmá lágbàlá, ó rọra tú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Màmá ń fi ọwọ́ ya irun Jẹ́jẹ́.

"Mo mọ̀," ni màmá wí.

Wẹ́dà ní kí ni wọ́n mọ̀.

"Mo máa ń wò ó lójú fèrèsé. Mo rò pé ìwọ yìí lo kọ́ ọ ni. Mo ní ọmọ mi mà tún gbọ́n díẹ̀."

Wẹ́dà béèrè, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tó kù lára rẹ̀, pé kí ló dé tí wọn kò sọ. Màmá ní ẹnikẹ́ni kò bi òun, ògiri ni wọ́n ń bi. Wẹ́dà sọ ti ilé-ìwé fún un, ó sọ ti orúkọ rẹ̀ tí yóò bàjẹ́. Màmá kò bẹ̀ ẹ́, kò sì dá a lẹ́kun. Ó kàn ní nǹkan kan wà tó ń ṣe òun ní kàyéfì.

"Olè ní imú, àbí kò ní?"

Wẹ́dà fi ọwọ́ kan imú ara rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé pé, ọgbà Tíṣà kún. Wọ́n to àga bíi ti kíláàsì, Tíṣà jókòó síwájú pẹ̀lú bírò pupa. Màmá wà ní ìlà àkọ́kọ́, Nọ́ọ̀sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń yán. Wẹ́dà mú Jẹ́jẹ́ wọlé pẹ̀lú okùn, ó dìde, ó sọ gbogbo rẹ̀: imú, gíríìsì, ìgúnpá, ahọ́n. Ó sọ ọ́ láìdábọ̀. Nígbà tó parí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Oníbàtà ní torí pé géètì kò lẹ́nu ni Wẹ́dà ṣe fẹ́ dá a lẹ́bi.

Wẹ́dà ní ó dáa, kí wọ́n wo ajá. Ó mú Jẹ́jẹ́ lọ sídìí géètì Tíṣà, ó dẹ okùn. Gbogbo ọrùn nà. Jẹ́jẹ́ wo ahọ́n irin. Ó wo ìjọ èèyàn. Ó dùbúlẹ̀, ó yán bíi ti Nọ́ọ̀sì, ó yí ikùn sókè kí wọ́n bá òun fọwọ́ pa á.

Ẹ̀rín kejì yẹn gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tíṣà ṣí bírò. Wẹ́dà wo ìyá rẹ̀. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀, bó ṣe máa ń tẹjú mọ́ ọn nínú yàrá nígbà yẹn.

Wẹ́dà gbé okùn lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ sídìí géètì, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ki imú bọ abẹ́ ahọ́n irin. Imú rẹ̀ kò gùn tó ti Jẹ́jẹ́. Lẹ́ẹ̀kíní, ahọ́n yọ̀, ó gbá a lágbọ̀n. Ẹ̀rín kò rọlẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé e sókè, ó fi orúnkún fa géètì mọ́ra, ó rá pálá jáde, géètì rọra padà, gbàm. Wẹ́dà wà lójú títì, géètì tó ṣe fúnra rẹ̀ ti tì í síta ìpàdé. Gbogbo ọrùn tún nà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, imú kan yọ nínú ihò tí ọwọ́ ń gbà, ó dúdú fún gíríìsì. Ó wá ahọ́n kiri, ó rí i, ó gbé e. Géètì ṣí, alágbẹ̀dẹ géètì mẹ́tàlélógún sì rákòrò wọlé.

Oníbàtà ló kọ́kọ́ rí ohùn, ohùn náà sì ti rẹlẹ̀.

"Ṣé tèmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo yín ni," ni Wẹ́dà wí látilẹ̀.

Wọ́n wo ara wọn. Ẹnìkan rántí pé òun fi ilé sílẹ̀ láìsí ẹnì kankan níbẹ̀. Ẹnìkan rántí tẹlifíṣọ̀n. Kí a tó pajú, àga ti ṣófo, olúkúlùkù ti forí lé ilé rẹ̀ pẹ̀lú eré tí kò yẹ àgbà. Ó ku Tíṣà, ó ku Nọ́ọ̀sì, ó ku màmá, ó ku Wẹ́dà tó ṣì wà lórí orúnkún. Ìgbà yẹn ni Jẹ́jẹ́ dìde, tó rìn lọ sídìí géètì, tó fi imú gbé ahọ́n sókè tó sì ṣí i láìsí wàhálà. Okùn ọwọ́ màmá ló dá a dúró.

Tíṣà dé bírò rẹ̀ padà. Ó wá dájọ́ bí ẹni ń pín máàkì. Ó ní ajá kò já géètì ẹnikẹ́ni, géètì ló gbà á láàyè; àmọ́ eyín tó fi jà, tirẹ̀ ni. Wẹ́dà yóò fi àgádágodo sí géètì ilé rẹ̀ lónìí olónìí. Bí Jẹ́jẹ́ bá fẹ́ jáde, okùn á wà lọ́rùn, awọ ìdínu á wà lẹ́nu. Wẹ́dà yóò máa mú un rìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, bí dókítà ẹranko ṣe ti ń sọ fún un tipẹ́ tó ń kọ etí ikún, kí agbára rẹ̀ lè rí ibi lọ. Yóò sì pààrọ̀ gbogbo ahọ́n òpópónà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìjà kan péré lẹ́yìn èyí, oko ló kù.

Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ òun, àmọ́ kó má ṣe wá kí aago mẹ́rin tó lù, torí oorun òun.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ilé-ìwé pè, wọ́n ní àwọn ti rí ẹlòmíì. Wẹ́dà ti mọ̀ pé wọ́n á pè, síbẹ̀ ó dùn ún wọra. Ó fi fóònù sílẹ̀. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ilé Nọ́ọ̀sì, nítorí pé iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ nìyẹn.

Ahọ́n tuntun náà kì í gbé sókè mọ́. Èèyàn ní láti tẹ̀ ẹ́ wọlé, kó yí i sápá òsì, kó tó fà á. Odidi òpin ọ̀sẹ̀ ló fi ronú kàn án. Ó wọ gíláàsì dúdú, ó ń jó irin mọ́ irin, iná ń ta pàrà pàrà. Màmá ti ní kí wọ́n gbé àga wá fún òun sábẹ́ igi kan ní òdìkejì títì, nítòsí géètì Nọ́ọ̀sì, ó jókòó pẹ̀lú okùn lọ́wọ́, ibi tó jìnnà sílé jùlọ tó tíì dé láti ọdún mélòó kan, yàtọ̀ sí ọgbà Tíṣà. Jẹ́jẹ́ jókòó tì í, awọ ìdínu wà lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọwọ́ Wẹ́dà.

Wẹ́dà parí, ó fẹ́ dán an wò. Ó na ọwọ́ sí ahọ́n, ó ṣíwọ́. Ó bojú wẹ̀yìn. Ajá ń wò ó. Ó wá yí ẹ̀yìn sí i, ó fi gbogbo ara bo iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó yí i, ó fà á ní ìdákọ́ńkọ́, bí ọmọ ilé-ìwé tí kò fẹ́ kí ará ẹ̀gbẹ́ wo ìdánwò òun.

Jẹ́jẹ́ na ọrùn sápá ọ̀tún, kò ríran. Ó nà á sápá òsì, kò ríran. Ó wo màmá.

Màmá rọra dìde, ó mú àga rẹ̀, ó sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, síbi tí ojú ti lè tó ọwọ́ Wẹ́dà, ó sì jókòó padà.